Bẹ́ẹ̀dì Tẹ̀tẹ̀ Tó Gbẹ̀yìn Lẹ́yìn Trade Fair

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ro irú iṣẹ́ tí ẹ máa ṣe láyé, wọ́n ní kí n sọ tèmi fún yín. Ẹ má retí gírámà lọ́wọ́ mi. Kíláàsì karùn-ún ni mo dé tí tíṣà wa fi lọ fẹ́ ìyàwó ní ìlú mìíràn, tí kò sì padà wá. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé orí mi ni kò gba ìwé, irọ́ ló ń pa.

Iṣẹ́ ẹ̀fọ́ ni mo ṣe. Mo gbin tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, gbúre àti ewúro sí ilẹ̀ Àmúwò-Ọ̀dọ̀fin láti ìgbà tí irun orí mi ṣì dúdú, títí dìgbà tí kò sí irun kankan níbẹ̀ mọ́ ká tó wá sọ pé ó funfun. Bí ẹ bá wá ilẹ̀ náà lọ lónìí, ẹ ò ní rí i. Àwọn ẹlòmíràn ti tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì lé e lórí.

Ẹsẹ̀ ni mo fi jáde nínú ìyá mi, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sọ mí ní Ìgè. Ìyá mi sọ fún mi pé bí mo ṣe balẹ̀ báyìí ni mo ti ń lọ, pé ẹnu ọ̀nà ni agbẹ̀bí ti bá mi. Ẹsẹ̀ yẹn náà ló gbé mi kúrò ní Ìsẹ́yìn wá sí Èkó. Iṣẹ́ lébìrà ni mo bá wá. Ọ̀dà ara àwọn ilé Festac ṣì ń dán nígbà náà, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ń kó wọlé pẹ̀lú ìyàwó, ọmọ àti fíríìjì, èmi sì ń ru búlọ́ọ̀kù. Ọjọ́ kan ni mo rí bàbá kan tó ń ta ẹ̀fọ́ fún àwọn ìyàwó wọn. Ewé tẹ̀tẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ débi pé nígbà tí òjò ṣú lójijì, obìnrin kan já ewé kan ṣoṣo, ó fi bo ọmọ tó pọ̀n sẹ́yìn délé, ọmọ náà kò sì mọ̀ pé òjò rọ̀. Mo gbé búlọ́ọ̀kù orí mi sílẹ̀, mo tẹ̀ lé bàbá náà lọ sí oko rẹ̀, mo ní kó gbà mí síṣẹ́. Ó gbà mí. Ohun tó ń fún mi kò tó ohun tí à ń sọ.

Bàbá Làídé là ń pe ọ̀gá mi. Ará Ẹ̀gbá ni, ó ga, ó tín-ín-rín, kì í sì í rẹ́rìn-ín nígbà tí oòrùn bá wà lókè. Ẹ̀yìn Trade Fair ni oko rẹ̀ wà, nínú àbàtà tó wà láàárín títì ńlá tó lọ sí Àgbádárìgì àti abúlé kékeré kan tí àwọn onílẹ̀ ń gbé. Abúlé yẹn nígbà náà, bí o bá sín ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ẹni tó wà ní ìparí rẹ̀ ló máa bá ọ kẹ́dùn.

Bàbá Làídé kò ra ilẹ̀ náà. Bàbá Àgbà Súmọ́nù, olórí ẹbí àwọn onílẹ̀, ló fún un pé kó máa dáko níbẹ̀. Àdéhùn wọn kò ní ìwé. Bí ọdún bá yí, ọ̀gá mi á kó ẹ̀fọ́ àti òbúkọ kan lọ sílé bàbá náà. Bí ẹbí bá nílò ilẹ̀ wọn, ọ̀gá mi á kúrò láìjà. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí àwọn méjèèjì fọwọ́ kan ilẹ̀ búra lé lórí: wọn ò gbọ́dọ̀ lé àgbẹ̀ nígbà tí bẹ́ẹ̀dì irúgbìn rẹ̀ bá wà lórí ìdúró.

Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Ilẹ̀ tí a gbé sókè díẹ̀, tí a tẹ́ pẹrẹsẹ bí ibùsùn, òun là ń pè ní bẹ́ẹ̀dì. Tẹ̀tẹ̀ tí ẹ ń jẹ, ọmọdé rẹ̀ la máa ń gé. Ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀dì kan á wà tí a ò ní gé rárá. Á ga, á yọ òdòdó, á gbẹ, á sì so irúgbìn dúdú wẹ́wẹ́ tó ń dán bí ẹ̀tù ìbọn. Ibẹ̀ ni oko ọdún tó ń bọ̀ wà. Ẹni tó bá ba bẹ́ẹ̀dì yẹn jẹ́, ebi ọdún tó ń bọ̀ ló ń pè.

Ọ̀gá mi le. Ọ̀pọ̀ oṣù ni kò fi jẹ́ kí n fọwọ́ kan irúgbìn. Omi ni mo ń pọn. Garawa páànù tí wọ́n fi ìṣó lu ihò sí lára là ń lò, ọ̀kan ní ọwọ́ ọ̀tún, ọ̀kan ní ọwọ́ òsì, a ó sì máa rìn láàárín àwọn bẹ́ẹ̀dì. Omi náà gbọ́dọ̀ balẹ̀ bí ìrì. Bó bá já lu ewé, Bàbá Làídé á gbọ́ ọ láti ìkángun kejì oko.

“Ìgè, ṣé báyẹn ni wọ́n ṣe ń wẹ ọmọ nílé yín?”

“Rárá, sà.”

“Padà sí ìbẹ̀rẹ̀.”

Kò sẹ́ni tó ń wọ bàtà lóko yẹn. Bó bá rí ojú ẹsẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, á pe gbogbo àwa ọmọ iṣẹ́, á ní ká wá fi ẹsẹ̀ wa wọ̀n ọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹni tí tirẹ̀ bá bá a mu ló máa ru ìgbẹ́ adìyẹ títí ọ̀sẹ̀ á fi parí. Mo wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi orí ìka ẹsẹ̀ nìkan rìn. Ó mọ́ mi lára débi pé ojú ẹsẹ̀ mi dà bíi ti ewúrẹ́, wọ́n sì lọ fẹjọ́ sun àwọn tó ni ewúrẹ́ lábúlé.

Ṣùgbọ́n omi pípọn kọ́ ni iṣẹ́ gan-an. Iṣẹ́ gan-an ni láti lé omi lọ. Àbàtà ni wọ́n fún ọ̀gá mi. Nígbà òjò, omi á dé orúnkún, ọ̀pọ̀lọ́ á sì máa ké débi pé àwọn ìjọ tó wà ní Festac kì í bẹ̀rẹ̀ orin àyàfi tí ọ̀pọ̀lọ́ bá gbà wọ́n láàyè. Bàbá Làídé á dúró, á wo ibi tí koríko tẹ̀ sí, á mọ ibi tí omi fẹ́ gbà. Ibẹ̀ la máa gbẹ́ kòtò sí títí dé kànáálì. Ẹrẹ̀ tí a bá gbẹ́ jáde, orí bẹ́ẹ̀dì ni. Ìgbẹ́ adìyẹ, orí bẹ́ẹ̀dì ni. Eérú, pàǹtí, èèpo ẹ̀gẹ́, gbogbo rẹ̀, orí bẹ́ẹ̀dì ni. Ọdọọdún ni ilẹ̀ ń ga sí i. Mo rántí ọjọ́ kan, àárín òjò ni, Bàbá Làídé dúró láàárín oko, ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó rí i pé ó gbẹ. Oòrùn wà lókè lọ́jọ́ náà, ó sì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rù bà wá. A rò pé ó fẹ́ kú ni.

Ilẹ̀ náà wá dáa gan-an. Ẹ jẹ́ kí n pa irọ́ díẹ̀ kí òótọ́ lè yé yín. Bí o bá fọ́n irúgbìn tán, tètè fò kúrò níbẹ̀, kí tẹ̀tẹ̀ má baà gbé ọ sókè. Lékè, ọ̀rẹ́ mi tí a jọ kọ́ṣẹ́, gbàgbé àdá rẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Nígbà tó máa di àárọ̀, orí igi tẹ̀tẹ̀ ni àdá wà, àkàbà la fi mú un sọ̀. Ẹ ò gbà? Kò burú. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ sọ tí kì í ṣe irọ́ nìyí: kò sí oṣù kan nínú ọdún tí ilẹ̀ yẹn kò fún wa ní nǹkan.

Ibẹ̀ ni mo ti rí ìyàwó. Ó máa ń wá ra ẹ̀fọ́ láàárọ̀ kùtù, á kó o lọ fún àwọn oníbàárà rẹ̀ ní Festac. Ọjọ́ tí a kọ́kọ́ pàdé, ó gbé ìdì kan sókè, ó wò ó yí po.

“Bọ̀dá, ṣé ẹ̀fọ́ lẹ dì yìí ni, àbí ìka ọwọ́ yín?”

Mo fi kún un. Ìyá Bọ́sẹ̀ là ń pè é báyìí. Mo ṣì ń fi kún un títí di òní olónìí, kò sì tíì ní ó tó.

Nígbà tí Bàbá Làídé dàgbà tí ojú rẹ̀ ń ṣe bàìbàì, ó pín oko fún àwa tí a kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, ó padà sí Abẹ́òkúta, ibẹ̀ ló kú sí. Garawa páànù lọ, ike ìbomirin dé. Ike lọ, ẹ̀rọ tó ń fa omi dé pẹ̀lú rọ́bà gígùn. Ọjọ́ tí a kọ́kọ́ tan ẹ̀rọ náà, rọ́bà gbé Lékè sókè bí ejò ṣe ń gbé orí, ó ń fì í kiri, ó sì fi í bomi rin ìdajì oko kí a tó rí ẹ̀rọ pa. Ọwọ́ wa wá yá. Iṣẹ́ tó ń gbà wá títí di ọ̀sán ń parí kí àwọn ọmọ ilé ìwé tó kọjá lọ. A tún wá ń fi ẹ̀rọ yẹn fa omi kúrò ní àwọn kọ̀rọ̀ tí kòtò kò tó. Ilẹ̀ gbẹ tán pátápátá.

Mo sọ ọ́ bí inú wa ṣe dùn tó nígbà náà. Ẹ wá gbọ́ ohun tó tẹ̀ lé e.

Bàbá Àgbà Súmọ́nù ti kú. Abúlé ti ń fẹ̀. Àwọn tí owó wọn kò ká ilé Festac mọ́ ń wá ilẹ̀ sẹ́yìn, àwọn ọlọ́jà Trade Fair ń wá ilẹ̀, àwọn ọmọ onílẹ̀ náà ń bímọ. Ọkùnrin kan wá sọ̀kalẹ̀ nínú mọ́tò lọ́jọ́ kan, àárín òjò náà ni. Bàtà dúdú tó ń dán ló wọ̀. Ó rìn láti ìbẹ̀rẹ̀ oko wa dé ìparí, a ń wò ó. Nígbà tó padà, ó gbé ẹsẹ̀ kan sókè, ó wo ìsàlẹ̀ bàtà, kò rí ẹrẹ̀.

“Ẹ kú iṣẹ́ o. Ta ló da yanrìn síbí?”

Lékè gba àyà rẹ̀ pẹ̀lú ìgbéraga. “Kò sí yanrìn kankan, ọ̀gá. Àwa la ṣe é.”

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó bọ̀ wá lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwa náà ń rẹ́rìn-ín. Ní àwọn àbàtà tó yí wa ká, ẹni tó bá fẹ́ kọ́lé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ra yanrìn, típà lórí típà. Tiwa kò gba típà kankan. Ilẹ̀ tó le, tó ga, tó ti gbẹ, ló wà ńlẹ̀ tó ń dúró de fáńdéṣọ̀n. Iṣẹ́ tí ọ̀gá mi fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe, tí mo fi tèmi ṣe, fún ẹni tí kò gbin ewé kan ni a ṣe é.

Ẹbí onílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ta ilẹ̀, ilé àkọ́kọ́ sì hù láti ẹ̀gbẹ́ abúlé. Mo ní ó hù, nítorí bí mo ṣe mọ̀ ọ́n nìyẹn. Ìkejì tẹ̀ lé e. Àwọn àgbẹ̀ tó wà ní ẹ̀bá abúlé ló kọ́kọ́ kó irúgbìn wọn, tí wọ́n lọ. Bí ilé kan bá dé, á jókòó sórí kòtò. A bẹ àwọn lánlọ́ọ̀dù pé kí wọ́n jẹ́ kí omi rí ọ̀nà kọjá. Ọ̀kan nínú wọn, ọmọlúàbí èèyàn ni o, ó fún wa ní ìjókòó, ó fún wa ní mínírà. Ó ní, “Ẹ̀yin bàbá, mo gbọ́ yín. Ṣùgbọ́n èmi ò kọ́lé sínú kòtò yín, kòtò yín ni mo bá nínú ilẹ̀ mi.” A mu mínírà tán, a kúrò.

Òjò ọdún yẹn ni àjálù wa. Omi rántí ilé rẹ̀. Ó wá bí ó ṣe máa ń wá tẹ́lẹ̀, ó dé ibi kòtò, ó bá ògiri. Ó padà sẹ́yìn, ó sì gun orí bẹ́ẹ̀dì. A tan ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n níbo la fẹ́ fà á lọ? Ilé ló wà níbi gbogbo. Ṣọkọ kú, gbúre kú, ewúro dúró nínú omi títí gbòǹgbò rẹ̀ fi jẹrà. Ẹja àrọ̀ ń lúwẹ̀ẹ́ láàárín tẹ̀tẹ̀, ó ń jẹ ewé. Ìyá Bọ́sẹ̀ se ọ̀kan, ó ní kò nílò àti wá ẹ̀fọ́ sí i mọ́. A rẹ́rìn-ín díẹ̀. Nígbà tí omi fi máa fà, iyọ̀ tó bá omi kànáálì wá àti epo mọ́tò ti wọnú ilẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn àgbẹ̀ kó irinṣẹ́ wọn. Lékè, tó ti di bàbá arúgbó bíi tèmi, lọ di ẹni tó ń ṣọ́ géètì. Ilé tó ń ṣọ́, orí àwọn bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ló wà. Ó ní òun kúkú mọ ọ̀nà ibẹ̀.

Ó wá ku èmi. Tèmi ló ga jù, tẹ́ẹ́rẹ́ ilẹ̀ kan láàárín fẹ́ǹsì méjì. Fàtáì, ọmọ-ọmọ Bàbá Àgbà Súmọ́nù, ni ẹbí ní kó máa mójútó ilẹ̀ títà. Ọmọ tó ní ẹ̀kọ́ ni. Ó wá bá mi, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní ẹbí fẹ́ gba ilẹ̀ wọn. Mo nawọ́ sí bẹ́ẹ̀dì kan tó ti yọ òdòdó. Ó wò ó. Bàbá bàbá rẹ̀ ti sọ ọ̀rọ̀ ìbúra yẹn fún un ní kékeré. Ó kí mi pé ó dàbọ̀, ó lọ.

Kí bẹ́ẹ̀dì yẹn tó gbẹ, mo ti fi òmíràn sílẹ̀ kó yọ òdòdó. Kí ìyẹn tó gbẹ, òmíràn. Ìgbà òjò, ìgbà ẹ̀rùn, nígbàkígbà tí Fàtáì bá dé, irúgbìn wà lórí ìdúró. Ó wá yé e. Ó da garawa kan délẹ̀, ó jókòó lé e.

“Bàbá, tẹ̀tẹ̀ yín yìí kì í gbó tán ni?”

“Ọmọ mi, onísùúrù ni.”

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Láti ìgbà náà, bó bá ń bọ̀, á ra mọ́ọ̀tì tútù dání fún mi, a ó jọ jókòó. Ó ń ṣe iṣẹ́ tí wọ́n rán an, èmi náà ń ṣe tèmi, ọdún sì ń yí. Ṣùgbọ́n ó ń rẹ̀ mí. Ẹnu fẹ́ǹsì ni oòrùn mi ti ń yọ, ẹnu fẹ́ǹsì ló ń wọ̀ sí. Ìdajì oko ń gba òjìji, ẹ̀fọ́ sì ń tínrín.

Ìgbà tí Fàtáì wá gbẹ̀yìn, kò mú mọ́ọ̀tì dání. Kò jókòó. Ó ní àwọn àbúrò òun ti rí oníbàárà, wọ́n sì ti háyà kàtàpílà.

“Wọ́n ní ìbúra yẹn, àárín bàbá àgbà wa àti Bàbá Làídé ni. Pé àwọn méjèèjì ti kú.”

“Ìwọ ńkọ́? Kí lo sọ?”

“Bàbá, mi ò lè dá wọn dúró mọ́. Kàtàpílà ń bọ̀ lọ́la. Ṣùgbọ́n bó bá gun orí irúgbìn yẹn, èmi ni mo ba ọ̀rọ̀ bàbá àgbà mi jẹ́, kì í ṣe àwọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kó o. Kí ó jẹ́ pé ẹ kó o tán ni ilẹ̀ tó padà sọ́dọ̀ wa.”

Mo délé, mo sọ fún Ìyá Bọ́sẹ̀ pé mi ò ní kó nǹkan kan, pé kí wọ́n gun orí rẹ̀ kí gbogbo ayé rí irú èèyàn tí wọ́n jẹ́. Ẹ̀wà ló ń ṣà. Kò gbójú sókè.

“Bàbá Bọ́sẹ̀, ilẹ̀ ti lọ. Ṣé ẹ fẹ́ kí irúgbìn bá a lọ ni?”

Bí ilẹ̀ ṣe mọ́, a ti wà lóko. Orí tẹ̀tẹ̀ ń gbẹ, ṣùgbọ́n ó pọ̀, ọwọ́ wa sì ti di ọwọ́ arúgbó. Lékè fi géètì sílẹ̀, ó mú ọ̀bẹ wá. A kò tíì ṣe ìdajì tí a fi gbọ́ ìró kàtàpílà. Mo gbójú sókè, mo rí Fàtáì. Ó ti gbé mọ́tò ara rẹ̀ dábùú ọ̀nà tóóró tó wọ oko, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó tẹrí bọ inú rẹ̀, ó ń wo ẹ́ńjìnì tí kò ní àìsàn kankan. Àwọn àbúrò rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ sí i. Awakọ̀ kàtàpílà ń fun fèrè. Fàtáì ní kí wọ́n ní sùúrù, plọ́ọ̀gì ló ń ṣe é.

Mo ti rí ọ̀pọ̀ nǹkan lórí ilẹ̀ yẹn, mo sì ti fi púpọ̀ kún un fún yín. Èyí, mi ò fi nǹkan kan kún un.

A gé e tán. A tẹ́ tapólì, a fi igi lu orí tẹ̀tẹ̀ náà, Ìyá Bọ́sẹ̀ gbé e sókè kí atẹ́gùn lè gbá ìyàngbò lọ. Gbogbo ohun tó kù wọ inú àpò kan tí ọmọdé lè gbé. Mo rìn lọ bá Fàtáì níbi mọ́tò rẹ̀.

“Ó tán.”

Ó wo àpò náà. Ó fi ọwọ́ méjèèjì tó ti kún fún gíríìsì kan ilẹ̀, ó ní, “Ẹ ṣé, Bàbá.” Ó pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé. Ẹ́ńjìnì náà ta lẹ́ẹ̀kan náà, awakọ̀ kàtàpílà sì pòṣé. Mo ní mi ò ní dúró wò ó. Mo dúró wò ó. Kò pẹ́ rárá.

Wọ́n ní kí n gbà yín nímọ̀ràn. Mi ò mọ èyí tí mo fẹ́ gbà yín. Iṣẹ́ náà dára. Ó bọ́ mi, ó tọ́ ọmọ mi, kò sì sí ọjọ́ kan tí mo ṣe é tí mo kórìíra rẹ̀. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ni èèyàn fi ń ṣe é, ẹ sì mọ ibi tí ilẹ̀ wà. Bí ọ̀kan nínú yín bá rí díẹ̀ níbikíbi, kó wá bá mi nílé, mi ò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Irúgbìn tẹ̀tẹ̀ kì í dúró títí láé. Bó bá pẹ́ jù láìgbìn, á kú sínú àpò. Nítorí náà, ọdọọdún ni mo ń gbin díẹ̀ sínú ike ọ̀dà ní ẹnu ọ̀nà yàrá tí a háyà nítòsí Apple Junction, kí n lè rí tuntun kó. Kò pọ̀. Gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ so. Tẹ̀tẹ̀ tí à ń jẹ, lọ́rì ló ń kó o wá láti ọ̀nà jíjìn, ó ti máa ń rọ kó tó dé. Lánàá, Ìyá Bọ́sẹ̀ ra ìdì kan bọ̀, ó tú u, ó wo ewé tó ti pọ́n, ó wá wo ike ọ̀dà. Ó ní, “Bàbá Bọ́sẹ̀, ẹ jẹ́ kí n já ewé díẹ̀ níbẹ̀.”

Mo ní kó fi í sílẹ̀. Kò tíì gbó.